Gíà Tí Wọ́n Jó Orúkọ Bùsáyọ̀ Mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá gbé e kó yáa dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi táyà sí Àjàmú lọ́rùn ní Liverpool Road ní Àpápá, lójú àbúrò ẹ̀ Ruqoyah, nítorí fọ́tò kan tí Ruqoyah fọwọ́ ara ẹ̀ yà, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé síta fún gbogbo ayé. Kì í ṣe pé ó ṣiṣẹ́ burúkú o. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ jù ni.

Ruqoyah ń kọ́ ojú òpó fáwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá kan ló fi ń ṣiṣẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, lókè ìsọ̀ alágbàfọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló ní, fáànù kan, àti ẹnu tó mú bí abẹ. Bó o bá gbé ojú òpó tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kó tó ṣí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á bú ẹ. Bó ò bá kọ àdírẹ́sì sí i, á bi ẹ́ bóyá ọjà lò ń tà àbí ọlọ́pàá lò ń sá fún. Èyí tó wá ń bí i nínú jù ni tàwọn tó máa ń lọ jí fọ́tò ọjà ọlọ́jà nílùú òyìnbó, tí wọ́n á gbé e sórí tiwọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. "Oníbàárà ò lè fọwọ́ kan ọjà lórí fóònù," ló máa ń wí fún wọn. "Ojú ẹ̀ lọwọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ohun tó fẹ́ rà gan-an."

Àjàmú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ló tọ́ ọ. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ìsẹ́yìn, Àjàmú ò tíì pé ogún ọdún. Ó mú àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́, ó di Èkó, ó sì ń fi èjìká ru irin ara tírélà láti Warehouse Road dé Liverpool Road títí èjìká òsì ẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Èjìká yẹn ló rán Ruqoyah níléèwé. Nígbà tó yá, Àjàmú ṣí ìsọ̀ tiẹ̀, ó ń ta gíà àti ẹ́ńjìnnì tírélà, tòkúnbọ̀ àti àlòkù. Ọjà náà lọ dáadáa fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló dẹnu kọlẹ̀, torí àwọn awakọ̀ ò yà mọ́. Ibi tí wọ́n tò sí lẹ́nu èbúté Tin Can, tí wọ́n ti ń sùn tí wọ́n ti ń jí fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, fóònù ni wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n bá fẹ́ rà. Àjàmú á jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn láti àárọ̀, á máa fi aṣọ nu irin tó ti nù láná.

Àánú ẹ̀ ṣe Ruqoyah débi pé ó ń sunkún. Ó ní òun á kọ́ ojú òpó kan fún ẹ̀gbọ́n òun, irú èyí tí ẹnì kankan ò tíì ní ní gbogbo Àpápá.

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Fóònù kékeré tí ò ní agbára ṣí i wàì. Àdírẹ́sì wà níbẹ̀, àwòrán Àjàmú wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, àkókò tí wọ́n ń ṣí àti àkókò tí wọ́n ń tì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ṣe àpótí kan sí, tí oníbàárà lè kọ ọ̀rọ̀ sí, tó sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú ẹ̀. Tààrà sórí fóònù Ruqoyah lọ̀rọ̀ náà ń wọlé. Ó búra pé kò sí oníbàárà tóun ò ní dá lóhùn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Kí ó má bàa dà bíi pé ẹnì kankan ò sí nílé bí ọwọ́ òun bá dí, ó kọ́ ẹ̀rọ náà kó máa dáhùn fúnra ẹ̀ pé: "Ẹ ṣé. A ti rí ọ̀rọ̀ yín, a ń dá yín lóhùn báyìí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀." Èyí dùn mọ́ ọn nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ó ní oníbàárà tó bá mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ òun, kò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òun àti Àjàmú. Àjàmú ní kó lo fọ́tò gíà tuntun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé bí gbogbo àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ruqoyah pòṣé. Ó ní ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n rí tà nìyẹn. Àjàmú gbó, ó tọ́, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ ó ní kó ṣe bó ṣe wù ú. Èèyàn kì í bá ẹni tó kàwé jiyàn lórí ìwé ẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ìwé ò kọ́ Ruqoyah, tó jẹ́ pé awakọ̀ tírélà tó pẹ́ lójú ọ̀nà ò ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ra gíà tuntun sí mọ́tò, wọ́n máa ń ní kí wẹ́dà jó orúkọ ọmọ wọn mọ́ ọn nísàlẹ̀, níbi tó fara sin. Bí olówó gíà bá wá fẹ́ tà á, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń mú fáìlì, tó máa ń ha orúkọ ọmọ ẹ̀ kúrò lójú ẹni tó ń rà á. Gíà tó bá wà nínú ìsọ̀ tí orúkọ ọmọ ṣì wà lára ẹ̀, ẹni tó ni ín kọ́ ló tà á. Ìdí tí àwọn ọlọ́jà fi ń lo fọ́tò òyìnbó nìyẹn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ olè o, ẹlòmíràn nínú wọn ò kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ gírísì ni.

Ọ̀rẹ́ Àjàmú kan wà tó ń jẹ́ Abdulrasheed. Mọ́tò kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wá láti Ìsẹ́yìn. Ṣẹ́ẹ̀dì kan ló ní ní Ajégúnlẹ̀, létí odò ẹ̀gbin, tó ti ń ra tírélà tó ti kú, tó ń tú u, tó sì ń kó ara ẹ̀ wá fún Àjàmú. Lọ́jọ́ tó gbé gíà kan wá, Ruqoyah wà níbẹ̀ tó ń ya fọ́tò. Abdulrasheed gbé ẹsẹ̀ kan lé orí gíà náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí àbúrò òun ya òun, òun náà fẹ́ di ọjà. Ruqoyah yà á, ó sì fi tàwàdàtàwàdà tún ìkìlọ̀ tó ti ń ṣe fún un tipẹ́ ṣe.

"Bọ̀ọ̀dá Rasheed, ẹnikẹ́ni tó bá ta nǹkan fún yín, ẹ máa ya òun náà. Tòun ti ọjà ẹ̀. Ọjọ́ kan á jọ ọjọ́ kan."

Abdulrasheed ní òun ti gbọ́, ọ̀gá. Àjàmú ní tiẹ̀ ò yí gíà náà wò. Ta ní ń tú ẹrù ọ̀rẹ́ ẹ̀ wò? Ìyẹn náà ni ẹ̀bi tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àforíjì Ọlọ́run la ń tọrọ. Nígbà tí Ruqoyah délé, ó gé Abdulrasheed kúrò nínú fọ́tò náà, torí ẹsẹ̀ èèyàn ò yẹ lórí ọjà, ó dín in kù kó lè fúyẹ́, ó sì gbé e sórí ojú òpó. Odindi fọ́tò náà wà nínú fóònù ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, oníbàárà àkọ́kọ́ kọ̀wé sínú àpótí. Ó ní òun ń jẹ́ Fọláyọ̀, Ìbàdàn lòun wà. Ó bi í bóyá ojúlówó gíà tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n yà yìí. Ó ní òun rí nǹkan kan nísàlẹ̀ tó jọ pé wọ́n jó irin mọ́, ó ní kí wọ́n dákun bá òun ya ibẹ̀ kó sún mọ́ òun dáadáa.

Inú Ruqoyah dùn, orí ẹ̀ wú. Ẹnu ìlẹ̀kùn ìsọ̀ Àjàmú ló wà lọ́jọ́ yẹn, ó sáré wọlé. Àjàmú ti lọ kírun. Ó bu kẹrosíìnì sórí àkísà, ó nu gírísì kúrò títí lẹ́tà fi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: BÙSÁYỌ̀. Ó ní, ẹ wo bí ó ṣe rẹwà tó! Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù ránṣẹ́, ó fi àdírẹ́sì ìsọ̀ tì í, ó sì kọ àkókò tí wọ́n ń ṣí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣèlérí fún ayé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò. Obìnrin náà kọ̀wé padà: "Ẹ ṣé. A ń bọ̀ lọ́la." Ruqoyah jó yí ìsọ̀ ká.

Wọ́n wá lóòótọ́. Lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́jọ́ kejì, àwọn awakọ̀ bí ogún wọ́ wá láti Tin Can, ọwọ́ wọn ò sì ṣófo. Oghenetega ló ṣáájú, ọkùnrin dúdú gàgàrà kan tó gbé sípánà táyà dání. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, òun ni Fọláyọ̀. Kò kí ẹnì kankan. Ó kọjá lára Ruqoyah, ó kúnlẹ̀ síbi gíà náà, ó fọwọ́ pa orúkọ yẹn, ó sì figbe ta tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lódì kejì títì dìde dúró.

Múyìwá ni ọkọ ẹ̀ ń jẹ́, awakọ̀ tírélà bíi tàwọn tó tẹ̀ lé e wá. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n rí i létí ọ̀nà, wọ́n ti fọ́ orí ẹ̀, mọ́tò ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bùsáyọ̀ lọmọ wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti ń yẹ gbogbo ojú òpó tí wọ́n ti ń ta gíà wò, àtàárọ̀ dalẹ́, fọ́tò òyìnbó ló ń rí ṣáá. Ti Ruqoyah nìkan ló fi òótọ́ hàn án.

Oghenetega ò béèrè kó tó kọ́kọ́ lù. Èjìká òsì Àjàmú, èyí tó rẹlẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni sípánà náà bà, egungun ẹ̀ sì dún kò. Àjàmú ṣubú lé orí ẹ́ńjìnnì kan. Wọ́n fẹsẹ̀ fà á jáde sí títì, bàtà ẹ̀ bọ́, wọ́n ń fi irin jáàkì gbá a nítan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan fi bíríkì là á lójú, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan. Ruqoyah ń ké, ó ń fa ṣẹ́ẹ̀tì wọn ya, wọ́n gbá a sẹ́yìn bí ẹni gbá eṣinṣin. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, ohun tó bá wí ẹ̀tàn ni létí wọn.

"Na who bring am?" Oghenetega bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di Àjàmú lọ́rùn mú. "Na who sell am give you?"

Àjàmú tu eyín kan sílẹ̀. Ó ní olè kọ́ lòun, òun rà á ni, kí wọ́n mú òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú ọlọ́pàá lòun á ti dárúkọ ẹni tó gbé e wá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lọ̀rọ̀ yẹn, bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ Múyìwá làwọn yẹn ń rí lójú ara wọn, orí rẹ̀ tó fọ́ ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní ó ń fi ọgbọ́n dá àwọn dúró ni. Wọ́n gbé táyà wá. Wọ́n tì í wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ó fi há mọ́ ọn léjìká tó ṣẹ́ náà, Àjàmú sì bú igbe tí Ruqoyah ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹnì kan gbé jálá bẹntiróòlù dé, ó dà á sí i lórí. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo títì. Àjàmú bẹ̀rẹ̀ sí í pe Lá iláhà illalláhù.

Ruqoyah rí ìṣáná lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ó fa fóònù ẹ̀ yọ, ó ń wá odindi fọ́tò yẹn, èyí tí Abdulrasheed wà nínú ẹ̀.

Àjàmú rí ohun tó fẹ́ ṣe. Ojú kan ló kù fún un tó ṣì ń ríran.

"Ruka, má ṣe é," ló wí. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu ẹ̀. "Wọn ò ní bi í léèrè nǹkan kan. Wọ́n á pa á ni."

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé yín jẹ́jẹ́, ẹ bá a wí. Ẹni tó tọ́ ọ, táyà wà lọ́rùn ẹ̀. Ó na fóònù náà sókè, ó ní ẹni tó tà á nìyí, ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé e nìyí, Abdulrasheed lorúkọ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ò mọ nǹkan kan. Wọ́n já fóònù náà gbà. Ó ń lọ láti ọwọ́ kan dé òmíràn, ẹni tó bá rí ẹ̀rín tí Abdulrasheed ń rín lórí gíà òkú, inú á tún bí i sí i. Ẹnì kan nínú wọn ní òun mọ̀ ọ́n, òun mọ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n bẹ́ sórí tírélà kan tí ò gbé kọ̀ǹtẹ́nà, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì bí oyin, wọ́n sì lọ. Wọ́n gbé fóònù náà dání, kí wọ́n lè dá ojú ẹ̀ mọ̀.

Ruqoyah àti Fọláyọ̀ ló jọ bọ́ táyà náà kúrò lọ́rùn Àjàmú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, wọ́n ní ojú kan ti lọ.

Ngozi tó ní ìsọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì Abdulrasheed ló sọ ìyókù fún Ruqoyah lẹ́yìn náà. Ó ní ẹnì kan láti Liverpool Road ti fi fóònù pe Abdulrasheed pé wọ́n ń bọ̀, kó sá. Àyè wà fún un láti sá. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì ṣí sódò, pátákó kan wà tí wọ́n fi ń sọdá. Ngozi tì í, ó ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó ń pe Ruqoyah, kò gbé e, ó tún pè é, kò gbé e. Ó wá ṣí ojú òpó Àjàmú, ó kọ nǹkan sínú ẹ̀, ó dúró, lójijì lọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti rí i. Wọ́n ní àwọn ń dá mi lóhùn báyìí." Ó fa àga síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù lé itan. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a.

Ó gbé fóònù ẹ̀ sókè sí wọn bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sílẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n wò ó. Sípánà gbá ọwọ́ náà lulẹ̀ tòun ti fóònù. Wọn ò bi í léèrè nǹkan kan. Ngozi ní òun ò lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe é fẹ́nikẹ́ni, ó kàn ní nígbà tí ọlọ́pàá dé, irin tó wà nínú táyà ló kù lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alaásárì, Oghenetega wá sí ilé ìwòsàn. Ó ti fọ ọwọ́, àmọ́ èéfín wà lára aṣọ ẹ̀. Ó na fóònù Ruqoyah sí i, dígí ẹ̀ ti fọ́, ó ní kí wọ́n má bínú nítorí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún fọ́tò tó fi hàn wọ́n. Ó lọ. Ruqoyah tan fóònù náà.

Abdulrasheed ti pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Lábẹ́ ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà nínú àpótí, fọ́tò sì wà pẹ̀lú ẹ̀: ọkùnrin kan tí Ruqoyah ò rí rí, tó dé fìlà, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà náà níwájú tírélà pupa kan, nọ́ńbà tírélà ọ̀hún sì hàn kedere. Abdulrasheed yà á dáadáa, bí ẹni tí wọ́n kọ́.

"Ruka, èmi náà rà á ni. Ẹni tó tà á fún mi rèé, mo yà á bó o ṣe ní kí n máa ṣe. Jọ̀ọ́, fi hàn wọ́n kí wọ́n tó débí."

Fọláyọ̀ wò ó láti ẹ̀yìn Ruqoyah. Ó ní mọ́tò ọkọ òun nìyẹn. Àjàmú ní kí wọ́n fi han òun náà, ó fi ojú kan tó kù wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì yíjú sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn dòní, kò tíì bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lábẹ́ fọ́tò náà ni ìdáhùn tí Ruqoyah kọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ wà, tó wọlé lójú ẹsẹ̀: Ẹ ṣé. A ti rí ọ̀rọ̀ yín, a ń dá yín lóhùn báyìí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Abdulrasheed sì ti fèsì sí i. "Ó dáa, àbúrò mi," ló kọ. "Mo ń dúró."